Rédíò onífáàfù àtijọ́: bí a ṣe ń tún un ṣe kí a tó tan iná sí i

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbà láti Kàbbà, láti Ìsánlú, láti Ẹ̀gbẹ́ àti láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀: «Mo rí asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá wa lórí àjà. Ṣé kí n kàn kì í bọ iná, kí n wò ó bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀?» Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, kíkì í bọ iná ló ń gbẹ̀yìn, gbogbo ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Èmi náà ti kánjú rí. Rédíò tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo gbé sórí tábìlì ní pálọ̀ tí mo sì tan iná sí. Ó kùn bí oyin fún bí ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ tàn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kí n tó pe ìyàwó mi kó wá wò ó, òórùn bí ọ̀dà tó ń jó ti gba gbogbo ilé. Kapásítọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ohun kékeré tó ń di iná mú nínú rédíò, tí owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì, ló pa tiransfọ́mà tí n kò tíì rí irú rẹ̀ rà títí di òní.

## Ohun tó lè pa èèyàn nínú rẹ̀

Iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò onífáàfù, ìyẹn èyí tí àwọn ìgò kékeré ń pọ́n yòò nínú rẹ̀, máa ń tó 200 sí 300 fólútì, àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ sì lè di iná yìí mú lẹ́yìn tí a ti yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Nítorí náà, ẹ fi àwọn òfin wọ̀nyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

- Kí ọwọ́ yín tó wọ inú rẹ̀, ẹ yọ plọ́ọ̀gì pátápátá. Pípa súìṣì nìkan kò tó.
- Ẹ jó wáyà onírọ́bà méjì mọ́ ẹnu rèsístọ̀ (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) 10 kΩ tó jẹ́ 5 W. Ẹ fi wáyà kan kan ṣáásì, ìyẹn irin tí gbogbo nǹkan dúró lé, kí ẹ fi èkejì kan ẹnu rere (+) kapásítọ̀ ńlá fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wò ó pé kò sí iná mọ́. Sukurudíráfà tí àwọn kan fi ń ṣe é máa ń ta pàrá, ó sì máa ń ba kapásítọ̀ jẹ́.
- Nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́, kí èkejì wà nínú àpò. Ẹ wọ bàtà onírọ́bà. Ẹ má dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí símẹ́ńtì.
- Kí ẹnì kan wà nítòsí tó mọ ibi tí a ti ń pa iná ilé.
- Ẹni tó bá ti mu ẹmu kó dúró di ọjọ́ kejì.

## Irú rédíò wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé àpótí onígi gbogbo rédíò àtijọ́ jọra lójú wọn. Fáàfù ni ẹ máa bi léèrè. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wọn níbi tí wọ́n wà, kí ẹ lè mọ èyí tó yẹ ní ihò wo, kí ẹ sì ka ohun tí a kọ sí wọn lára. Ẹ má fi ìka nu ìkọ̀wé náà. Ó máa ń bọ́ bí àtíkè, fáàfù tí kò bá sì ní orúkọ mọ́ máa ń fini sílẹ̀ bí afọ́jú tí kò mọ ohun tó dì mú.

Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ D (bíi DK96, DF96, DAF96, DL96), rédíò bátìrì ni. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé tí iná kò tíì dé nígbà náà. Bátìrì 90 fólútì àti bátìrì 1.5 fólútì ló ń lò pọ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́ iná ògiri yóò pa gbogbo fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kàn tàn yà bí mànàmáná ni. A kò rí bátìrì 90 fólútì rà ní ọjà mọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà: ẹ so bátìrì 9 fólútì mẹ́wàá pọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ẹnu rere sí ẹnu òdì, ẹ ó sì rí 90. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ṣoṣo á ṣe ti 1.5. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe pààrọ̀ ibi tí méjèèjì ń lọ.

Bí ó bá jẹ́ E (bíi ECH81, EBF89, EL84, EZ80), ó sábà máa ń ní tiransfọ́mà tirẹ̀. Òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan, èyí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ U (bíi UCH81, UL84, UY85), kò sábà ní tiransfọ́mà. Iná ògiri ló wọ inú rẹ̀ tààrà, ṣáásì rẹ̀ sì lè jẹ́ iná láti òkè dé ilẹ̀. Àní sùkúrù kékeré tó mú bọ́tìnnì ìyípadà lè gbé èèyàn. Ẹ má ṣe so wáyà ilẹ̀ mọ́ ṣáásì irú èyí láéláé. Bí ẹ kò bá ní tiransfọ́mà ayaná, èyí tí wáyà tó gba iná wọlé àti èyí tó gbé e jáde kò ti fara kanra, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ló ṣáájú (bíi 12BE6, 12BA6, 50C5, 35W4), ti Amẹ́ríkà ni, 117 fólútì ló sì sábà máa ń lò. Ẹ̀yin tí bàbá yín bá àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) ṣiṣẹ́ ní Yàgbà, ẹ fojú sí èyí dáadáa, nítorí pé ẹrù òyìnbó tó ń padà sílé lè wà lára ohun tí ẹ jogún. Iná tiwa jẹ́ 230 fólútì; yóò sun ún. Ó nílò tiransfọ́mà tó ń sọ 220 di 110. Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú tiransfọ́mà bẹ́ẹ̀ lọ́jà ń dín iná kù láì ya á sọ́tọ̀, nítorí náà ewu ṣáásì tí mo sọ nípa ti U wà lára èyí náà.

## Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

- Mítà tó lè wọn 600 fólútì ó kéré tán
- Áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì 40 W, lẹ́ẹ̀dì, pílíyà ẹlẹ́nu tín-ínrín
- Búrọ́ṣì ìkunlé tó rọ̀
- Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná, 60 W kan àti 100 W kan. LED kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá.
- Wáyà onímẹ́ta tuntun, plọ́ọ̀gì, fíúsì 3 A
- Àwọn kapásítọ̀ tuntun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ iye àwọn ti àtijọ́ sílẹ̀

## Títún un ṣe: ohun tí a ń ṣe kí iná tó dé

1. Ẹ nù ún ní gbígbẹ. Ẹ gbé e síta nígbà tí oòrùn bá wà, kí ẹ fi búrọ́ṣì gbọn eruku ọyẹ́ kúrò. Ẹyin ọmọńlé lẹ́yìn sípíkà, ilé agbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransfọ́mà àti ìtẹ́ eku nínú àpótí: mo ti bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú rédíò kan náà rí. Ẹ má lo omi, ẹ má lo epo òyìnbó, ẹ má sì fín oògùn kòkòrò sórí ṣáásì. Bí ikán bá ti wọ igi rẹ̀, ẹ yọ ṣáásì jáde kí ẹ tó tọ́jú igi. Gíláàsì tí a kọ orúkọ àwọn ìlú sí kò gbọdọ̀ rí omi ní ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí, gbogbo rẹ̀ á sì wẹ̀ dànù. Bí ẹ bá rí páálí funfun líle tó jọ asbestos nítòsí rèsístọ̀ ńlá tó ń gbóná, ẹ má fá a.

2. Ẹ wo sípíkà. Bébà rẹ̀ tó ya kékeré ṣeé fi gọ́ọ̀mù funfun àti bébà ìnujú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀. Ẹ rí i pé wáyà rẹ̀ méjèèjì so mọ́ tiransfọ́mà kékeré rẹ̀, torí rédíò onífáàfù tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà lára rẹ̀ lè jó tiransfọ́mà náà.

3. Ẹ pààrọ̀ wáyà iná. Rọ́bà àtijọ́ máa ń gbẹ, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí gúgúrú bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi téèpù wé e. Ẹ yọ ọ́ dànù. Bí wáyà náà bá nípọn lọ́nà tó ṣàjèjì tó sì jẹ́ ti rédíò tí kò ní tiransfọ́mà, ó lè jẹ́ pé rèsístọ̀ wà nínú rẹ̀ ní gbogbo gígùn rẹ̀: irú èyí ni ẹ kò gbọdọ̀ gé tàbí kí ẹ fi wáyà lásán rọ́pò. Fíúsì 13 A tó máa ń bá plọ́ọ̀gì wá ti pọ̀ jù, rédíò yóò jó tán kó tó já. Ẹ fi 3 A sí i. Fún rédíò tó ní tiransfọ́mà, ẹ so wáyà ilẹ̀ mọ́ ṣáásì.

4. Ẹ wo ibi tí a ti ń yan fólútì ní ẹ̀yìn. Bí ó bá wà ní 110 tàbí 125, ẹ yí i sí èyí tó ga jù, 240 tàbí 245. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni èyí gbà, síbẹ̀ òun ló ti pa rédíò tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa.

5. Ẹ pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ oníbébà. Ẹ máa mọ̀ wọ́n: wọ́n rí bí sìgá kékeré tí a fi ìda bò, ìda náà á sì ti ṣàn sílẹ̀ lára wọn bí omi àbẹ́là. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ, kí ẹ fi tuntun sí ipò rẹ̀ kí ẹ tó kan òmíràn, iye µF (ìwọ̀n bí iná tí kapásítọ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó) kan náà, 400 tàbí 630 fólútì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó gbé ohùn lọ sí ẹsẹ̀ kejì EL84 tàbí fáàfù tó ń ti sípíkà, 0.01 sí 0.022 µF ló sábà máa ń jẹ́. Bí òun bá ń jò, fáàfù á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tiransfọ́mà á sì tẹ̀lé e. Irú rẹ̀ gan-an ló jẹ mí níyà. Kapásítọ̀ tó wà láàárín wáyà iná méjèèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ lásán, èyí tí a kọ X2 sí lára ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Rédíò á ṣiṣẹ́ láìsí i.

6. Ẹ pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ ńlá. Agolo tó dúró lórí ṣáásì ni, ó sì máa ń ní méjì nínú, bíi 32 + 32 tàbí 50 + 50 µF. Ẹ lè fi agolo náà sílẹ̀ fún ẹwà, kí ẹ gé wáyà rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì jó tuntun sí abẹ́ rẹ̀: 33 tàbí 47 µF, 450 fólútì. Ẹ má rò pé bó bá ṣe tóbi tó ló dára tó. EZ80, ìyẹn fáàfù tó ń sọ iná di èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kò fẹ́ ju 50 µF lọ níwájú rẹ̀. Ẹ wo ẹnu rere àti ẹnu òdì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èyí tí a bá fi sí òdì lè bú gbàù.

7. Ẹ fi mítà wò ó láì tan iná. Láti ẹnu rere kapásítọ̀ ńlá sí ṣáásì, ẹ dúró kí nọ́ńbà gòkè tán. Bí kò bá kọjá 10 kΩ, nǹkan kan ṣì ń jò níbì kan; ẹ wá a kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Nípa rírà: wọ́n ta kapásítọ̀ kan fún mi rí tí a kọ 450 fólútì sí, tó wú bí àkàrà ní 250. Bí ẹ bá lè yọ ọ́ lára pátákó tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó dára, mo fẹ́ràn ìyẹn ju tuntun tí kò ní orúkọ lọ, níwọ̀n ìgbà tí orí rẹ̀ kò bá ti wú.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣì kù. Inú rédíò ní àwọn àpótí fàdákà kékeré tí sùkúrù wà lórí wọn. Wọn kì í tú fúnra wọn. Ẹ má fi sukurudíráfà kàn wọ́n «láti mú un le díẹ̀», torí ẹni tó bá yí wọn ti sọ rédíò rẹ̀ di adití, ẹ̀rọ àkànṣe ló sì lè dá a padà.

## Gílóòbù agbàlà

Ohun èlò yìí kò ná yín ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí n bá ti mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí mo ń sọ yẹn ni, tiransfọ́mà mi ì bá ṣì wà. Ẹ kan ìdí gílóòbù kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan mọ́ pákó. Ẹ gé wáyà tó gbé iná, kí ẹ mú un gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi wáyà kejì àti wáyà ilẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lọ tààrà. Láti dán an wò, ẹ ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ bọ̀ ọ́: gílóòbù á tàn kedere, áyọ́ọ̀nù kò sì ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí rédíò yín bá ní àìsàn inú, gílóòbù ni yóò jẹ iná náà dípò rẹ̀.

Fún rédíò bátìrì, ẹ kò nílò èyí.

## Títan iná sí i

Ẹ kọ́kọ́ wọn iná tó wà ní ògiri. Bí kò bá sí láàárín 210 sí 240, ẹ dúró. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ga jù nígbà mìíràn; ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń fò sókè sódò bí ẹnì kan bá ki fíríìjì bọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ fi gílóòbù ilé méjì tàbí mẹ́ta sí i kó lè fìdí múlẹ̀ kí rédíò tó kàn án. Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí tiransfọ́mà kùn, ó sì ń gbóná. N kì í lò ó fún èyí.

1. Fún rédíò E nìkan: ẹ yọ EZ80 tàbí fáàfù tó wà ní ipò rẹ̀. Ẹ fi gílóòbù 60 W sí pákó, kí ẹ tan iná. Gílóòbù á tàn yà, á sì rọlẹ̀ sí pupa fẹ́ẹ́. Àwọn fáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé ọwọ́ lé tiransfọ́mà: bí ọwọ́ bá lè dúró lórí rẹ̀, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá ń jóni tàbí tó ń rùn, òun gan-an ló ń ṣàìsàn.
2. Ẹ dá fáàfù náà padà. Ẹ fi kílíìpù tó ń di nǹkan mú so mítà mọ́ ẹnu rere kapásítọ̀ ńlá àti ṣáásì kí iná tó dé, kí ọwọ́ yín má baà wọ ibẹ̀ mọ́.
3. Ẹ tan iná, kí ẹ má ṣe mú ọwọ́ kúrò lára súìṣì. Ní bí ìdajì ìṣẹ́jú, mítà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí gílóòbù bá tàn kedere tí kò sì rọlẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bí irin inú fáàfù kan bá pọ́n bí ẹyín iná, tàbí tí ẹ rí èéfín, ẹ pa á pẹ̀lú.
4. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ yí padà sí gílóòbù 100 W, kí ẹ sì tún dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
5. Ẹ wọn ẹsẹ̀ kejì EL84 sí ṣáásì. Òdo ló yẹ kó jẹ́, tàbí kó lọ sí òdì díẹ̀. Bí ó bá lọ sí rere, kapásítọ̀ tí mo kìlọ̀ nípa rẹ̀ ṣì ń jò, tàbí fáàfù náà ti bàjẹ́.
6. Nígbà náà nìkan ni kí ẹ yọ gílóòbù kúrò kí rédíò mu iná tààrà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lójú iná láìsí ẹnikẹ́ni nílé fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Fún rédíò U, ẹ má yọ fáàfù kankan, torí wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀: bí ọ̀kan bá kúrò, gbogbo wọn á kú. Ẹ fi gílóòbù 60 W sí pákó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń so mítà ní ìgbésẹ̀ kejì.

## Bí ó bá ń ṣe é ní ọ̀nà mìíràn

Bí ó bá ń kùn hùn-ùn láì dáwọ́ dúró, kapásítọ̀ ńlá ni kí ẹ tún wò. Bí ó bá ń hó nígbà tí ẹ bá yí bọ́tìnnì ohùn, ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kán oògùn ìfọ̀ ẹ̀rọ sí i, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún ìgbà. Bí fáàfù kan kò bá pọ́n, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó ti kú. Bí fáàfù kan bá ti funfun bíi wàrà nínú ní orí, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́, kò sí àtúnṣe.

Àwọn kan máa ń tú gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ Bluetooth sí i. N kò lè dá ẹni tí tiransfọ́mà rẹ̀ ti jó lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ṣì pé, kó ní sùúrù.

## Ohun tí ẹ máa gbọ́

Ọ̀pọ̀ rédíò wọ̀nyí kò ní FM. Àwọn tó sì ní in sábà máa ń dúró ní 100 tàbí 104, nítorí náà ẹ má rò pé ó bàjẹ́ bí kò bá gbé ilé-iṣẹ́ tó wà lókè ìyẹn. Alẹ́ ni kí ẹ gbìyànjú medium wave àti shortwave. Ẹ na wáyà lásán tó gùn ní mítà márùn-ún sí mẹ́wàá láti ẹ̀yìn rédíò lọ sórí igi, kó má fara kan páànù ilé. Lára rédíò U àti ti Amẹ́ríkà, ihò eríà nìkan ni kí ẹ fi wáyà náà sí, kó má kan ṣáásì. Ẹ pa àwọn gílóòbù LED àti ṣájà fóònù tó wà nítòsí, ẹ ó sì rí i bí ariwo á ṣe fò lọ.

Bí rédíò yín bá ní ojú aláwọ̀ ewé níwájú, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ máa yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀: bí ohùn bá ṣe ń mọ́ ni ojú náà á máa pa dé, ibi tó bá ti pa dé jù ni kí ẹ dúró. Bí ààrá bá ti ń sán láti ìhà òkè, ẹ yọ wáyà eríà náà kí ẹ sì jù ú síta fèrèsé kí òjò tó dé.